Òdòdó Tí Ọ̀gbẹlẹ̀ Kò Lè Pa

Lọ́dún tó kọjá, èmi náà ra òdòdó lásìkò òjò nítorí pé ó wù mí lójú. Nígbà tí ọyẹ́ dé, gbogbo rẹ̀ gbẹ, owó mi sì wọgbó. Ẹ jẹ́ ká gbin èyí tí yóò tọ́jọ́.

Pèrègún ni àkọ́kọ́: tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, ewé rẹ̀ tútù. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ gé ọ̀pá rẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀, yóò hù. Bougainvillea ẹlẹ́gùn-ún, ilẹ̀ Bràsíl ló ti wá. Oòrùn ló fẹ́. Bí ẹ bá ń bomi rin ín jù, ewé ni yóò máa yọ, òdòdó rẹ̀ á dínkù. Ìdò ní tirẹ̀ fẹ́ràn omi. Ẹ gbìn ín sí ibi tí omi ilé ìwẹ̀ ń gbà.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún oleander o! Ó rẹwà, ọ̀gbẹlẹ̀ kì í sì í tètè pa á, ṣùgbọ́n tewé tòdòdó tigi rẹ̀ ló ní májèlé. Ilé tí ọmọdé tàbí ewúrẹ́ bá wà, ẹ má gbìn ín síbẹ̀.

Kí ẹ tó náwó, ẹ bi aládùúgbò yín léèrè èyí tó yè é lọ́wọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn èṣí. Ẹ tọrọ ẹ̀ka kan. Kọ́bọ̀ kò ní jáde lápò yín.