Aláǹtakùn Tí Bàbá Wọ̀ Lọ Sójú Ogun

Páálí mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ rà. Ọkùnrin kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún yá àwọn ènìyàn ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò, ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́, ó sì sọ fún mi pé bí n kò bá kó wọn, ààtàn ni òun ń kó wọn lọ. Eré Íńdíà ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, eré àwọn ará Ṣáínà tí ń fò lórí òrùlé sì tẹ̀ lé e. Nísàlẹ̀ páálí kejì ni mo ti rí ọ̀kan tí àwọ̀ ara rẹ̀ ti ṣí: àwọn ọmọ ogun nínú igbó, pẹ̀lú àkọlé Objective, Burma! Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo ń wò ó bí ẹni tí ó rí lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ará ilé rẹ̀.

Bọ́mà kì í ṣe orúkọ àjèjì nílé wa. Bàbá tí ó bí ìyá-ìyá mi, ọmọ bíbí Ẹmùré-Èkìtì, lọ sí ogun Hítílà, Bọ́mà ni wọ́n sì ti jà. Wọ́n padà wálé, wọ́n dá oko kòkó, wọ́n bímọ, wọ́n sì dolóògbé kí a tó bí mi. Wọn kò fi fọ́tò ìgbà èwe kankan sílẹ̀. Ìtàn díẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀, èyí tí ó sì rúni lójú jù nínú rẹ̀ ni èyí tí ìyá-ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, máa ń sọ: pé aláǹtakùn ni bàbá àwọn wọ̀ lọ sójú ogun. Àwọn kan nínú ẹbí gbà pé oògùn ni. Àwọn mìíràn ní àlọ́ lásán ni bàbá ń pa fún àwọn ọmọ. Àwọn tí ó ti di onígbàgbọ́ paraku ní kí a yé dárúkọ rẹ̀.

Nítorí ìtàn yìí ni mo ṣe di ẹni tí ń ṣa fíìmù ogun àtijọ́ jọ, pàápàá àwọn tí ogun wọn wáyé ní ilẹ̀ olóoru, níbi tí òjò, ẹ̀fọn àti igbó ti ń bá ènìyàn jà kí ọ̀tá tó dé. Kì í ṣe pé ìró ìbọn dùn mọ́ mi. Mo kàn rò pé níbì kan, láàárín àwọn igi wọ̀nyẹn, n óò rí ojú kan tí ó jọ tiwa.

Àwọn tiwa dà?

A yá ẹ̀rọ fídíò lọ́wọ́ aládùúgbò kan, a sì wo Objective, Burma! ní yàrá ìgbàlejò Màmá Àgbà ní Ìkẹ́rẹ́. Ilé-iṣẹ́ Warner Bros. ni ó gbé fíìmù náà jáde lọ́dún 1945, Raoul Walsh ni olùdarí rẹ̀, Errol Flynn sì ni ògbóǹtarìgì tí ó ṣíwájú. Ó dá lórí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí bàálù jù sí ẹ̀yìn àwọn ará Japan kí wọ́n lè ba ibùdó ẹ̀rọ kan jẹ́.

Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Màmá Àgbà fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Irú igbó wo nìyí? Oòrùn ń ta dé ìdí igi.” Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wádìí, mo rí i pé òótọ́ ni wọ́n sọ: ilẹ̀ Kalifọ́níà ni wọ́n ti ya fíìmù náà, wọn kò dé Bọ́mà rárá. Ẹni tí ó bá mọ igbó Ìsẹ̀, tí ìnàkí ṣì ń gbé inú rẹ̀ títí di òní, kò sí bí wọn yóò ṣe fi igbó inú sinimá tàn án jẹ.

Ìbéèrè tí wọ́n bi mí lẹ́yìn èyí ni n kò lè dáhùn. Wọ́n ní, “Òyìnbó, òyìnbó ṣáá ni mo ń rí. Bàbá mi dà? Àwọn tiwa dà?”

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ti bínú sí fíìmù yìí rí. Nígbà tí ó dé Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1945, ariwo sọ pé Amẹ́ríkà ti sọ ogun ẹlòmíràn di tirẹ̀. Wọ́n yára ká a kúrò ní sinimá, ó sì di ọdún 1952 kí wọ́n tó tún gbé e jáde níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni ó ń du ogún nínú ìjà yẹn. Kò sí ẹni tí ó rántí ẹni tí ó ru ẹrù.

Mo wá òmíràn. The Bridge on the River Kwai, tí David Lean darí ní 1957, gba àmì ẹ̀yẹ Oscar méje, ó sì dùn wò lóòótọ́. Ilẹ̀ Ceylon, tí a mọ̀ sí Sri Lanka lónìí, ni wọ́n ti yà á. Merrill’s Marauders jáde ní 1962. Ilẹ̀ Philippines ni wọ́n ti ya tirẹ̀. Nínú gbogbo wọn, igbó ilẹ̀ olóoru dà bí ọ̀run àpáàdì tí òyìnbó ń la kọjá. Ọmọ Áfíríkà kan ṣoṣo kò yọjú.

Ẹni tí ó ru ẹrù

Bẹ́ẹ̀ wọ́n wà níbẹ̀. Dífíṣọ̀n méjì ni Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kó lọ sí ogun Bọ́mà, ìkọkànlélọ́gọ́rin (81) àti ìkejìlélọ́gọ́rin (82). Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia ni wọ́n ti ṣa àwọn ọmọ ogun náà jọ. Ìkọkànlélọ́gọ́rin gúnlẹ̀ sí Íńdíà lọ́dún 1943, wọ́n sì wọ àfonífojì odò Kaladan ní agbègbè Arakan. Kò sí ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà níbẹ̀, nítorí náà àwọn fúnra wọn la ọ̀nà kan láàárín òkè, tí gígùn rẹ̀ tó máìlì 75. Nígbà tí wọ́n kọjá òpin ọ̀nà náà, bàálù ni ó ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn láti òkè, orí àwọn aláàárù ni ó sì ń gbé e dé ibi tí ìjà wà. Àwọn ọmọ ogun tí ó jà ní Bọ́mà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ogun tí ayé gbàgbé ni ogun àwọn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn tiwa ni àwọn tí a gbàgbé láàárín àwọn tí a gbàgbé.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ní Èkìtì wa níhìn-ín, a ti fi han ayé tipẹ́tipẹ́ bí a ṣe ń ya irú àwòrán yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Lára rẹ̀ ni Ọba jókòó sí tí ó ń gba aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lálejò. Òyìnbó náà wà nínú ohun tí wọ́n fi ń gbé e rìn, ṣùgbọ́n Ọlọ́wẹ̀ kò fi í kọ́ sínú afẹ́fẹ́: ó gbẹ́ àwọn tí ó rù ú pẹ̀lú. Lọ́dún 1924 ni wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ibi ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley. Kò padà wálé mọ́, British Museum ni ó wà títí di òní. Ọlọ́wẹ̀ kò ní kámẹ́rà, síbẹ̀ kò gbàgbé ẹni tí ó ru ẹrù.

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin

Ohun tí sinimá ńlá kò fún mi, fíìmù kékeré ni ó fún mi. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí iṣẹ́ wọn kì í ṣe ìbọn yíyìn bí kò ṣe àwòrán yíyà. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n yà kò ní ohùn kankan. Imperial War Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń tọ́jú ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn kan sì ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Alẹ́ ọjọ́ kan tí iná wà ni mo jókòó ti Màmá Àgbà, tí mo di fóònù mi mú níwájú wọn, tí a ń wo ọ̀wọ́ àwòrán àwọn ọmọ ogun wa ní Bọ́mà.

Àwọn ọkùnrin ń kọjá lórí ẹrẹ̀, ẹrù lórí. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Ọ̀kan yí ẹ̀gbẹ́ sí wa, apá ẹ̀wù rẹ̀ sì hàn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Màmá Àgbà gbá mi lápá. “Dá a dúró! Dá a padà!” Mo dá a padà. Àmì róbótó kan wà ní èjìká ọkùnrin náà. Nínú àmì náà ni aláǹtakùn dúdú kan wà.

Àmì Dífíṣọ̀n 81 nìyẹn. Ànáńsè ni, aláǹtakùn ọlọ́gbọ́n inú àlọ́ àwọn ará Gold Coast, tí ó jẹ́ fún wọn bí Ìjàpá ṣe jẹ́ fún wa. Bàbá kò parọ́, kì í sì í ṣe oògùn. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí ilé wa ti ń jiyàn lórí ohun tí wọ́n rán mọ́ ẹ̀wù gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni a kọ́kọ́ mọ ibi tí Bàbá dúró sí nínú ogun náà.

Ọ̀rọ̀ wá ya lẹ́nu Màmá Àgbà bí odò òjò. Wọ́n sọ bí bàbá wọn ṣe máa ń jí lóru tí òjò bá ń rọ̀. Wọ́n sọ ìdí tí wọn kì í fi í jẹ ìrẹsì. Wọ́n dárúkọ ọ̀rẹ́ bàbá wọn kan, ọmọ Ìsẹ̀, tí àwọn méjèèjì jọ wọṣẹ́ ogun, tí èkejì kò sì padà. Ó tó wákàtí kan tí wọ́n fi sọ̀rọ̀. N kò gbà á sílẹ̀. Fóònù kan ṣoṣo ni mo ní, òun náà ni ó ń gbé fíìmù jáde, mo sì rò pé n óò rántí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìdajì orúkọ ọmọ Ìsẹ̀ yẹn ni ó kù mí lọ́wọ́. Mo bi Màmá Àgbà. Wọ́n ronú títí, wọ́n ní ó ti tún fò lọ.

Mo ti ra fíìmù púpọ̀ láti ìgbà náà. Kò sí èyí tí ó lè ra orúkọ yẹn padà.

Àwọn tí ó wo apá kejì

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé gbogbo fíìmù ogun ni ó pa wá tì. Camp de Thiaroye, tí Ousmane Sembène àti Thierno Faty Sow ṣe ní 1988, sọ ìtàn àwọn ọmọ ogun Áfíríkà tí ó jà fún Faransé, tí wọ́n béèrè owó wọn ní ìtòsí Dakar, tí àwọn ọ̀gá wọn sì yìnbọn lù wọ́n ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1944. Ó gba ẹ̀bùn ní Venice lọ́dún tí ó jáde, wọ́n sì tún un ṣe, wọ́n tún fi hàn ní Cannes ní 2024. Àwọn ará Japan náà wo ọgbẹ́ tiwọn nínú The Burmese Harp (1956), tí Kon Ichikawa darí: ọmọ ogun kan kọ̀ láti padà sílé, ó dúró ní Bọ́mà kí ó lè máa sin òkú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Èyí tí ó sún mọ́ wa jù ni The Burma Boy, tí Barnaby Phillips ṣe fún Al Jazeera ní 2011. Isaac Fadoyebo ni ó dá lé lórí, ọmọ Ẹmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, kì í ṣe Ẹmùré-Èkìtì tiwa. Ọta ìbọn fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní Kaladan ní 1944, àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tí ń jẹ́ Shuyiman sì fi òun àti ẹnì kejì rẹ̀, ọmọ Sierra Leone, pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Phillips gba lẹ́tà ọpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Fadoyebo, ó sì wá ìdílé Shuyiman kàn ní Bọ́mà. Bàbá náà dágbére fáyé ní 2012. Ọdún kan péré ni ó wà láàárín fíìmù náà àti ikú rẹ̀. Ẹ ro ohun tí à bá pàdánù bí a bá fi í dọ̀la.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú páálí bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ibùsùn òbí yín, ẹ má sun ún. Ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ tò wọ́n ní òró níbi tí oòrùn kò ti ní rí wọn. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀kan ti bu, ẹ má ṣe kì í bọ inú ẹ̀rọ, nítorí yóò kó ohun tí ó bù ú ran ẹ̀rọ àti àwọn kásẹ́ẹ̀tì mìíràn. Fíìmù inú rílì tí ó bá ń rùn bí ọtí kíkan ti ń jẹra, ẹ yà á sọ́tọ̀. Kí ẹ sì tètè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí mo fi orúkọ ọmọ Ìsẹ̀ kan rà nìyí: ẹ fi ẹ̀rọ kan gbé fíìmù jáde, kí ẹ fi òmíràn gba ohùn àgbàlagbà tí ó jókòó tì yín. Fíìmù yẹn lè má ní ohùn. Àwọn ni ohùn rẹ̀.

Mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí. Fóònù àbúrò mi máa ń wà lórí tábìlì, a ó sì wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ó bá ti kan ibi aláǹtakùn, Màmá Àgbà á fọwọ́ kan èjìká ara wọn. Orúkọ náà kò tíì padà wá, ṣùgbọ́n ní ìgbà tí a wò ó kẹ́yìn, wọ́n rántí pé ó máa ń fọn fèrè.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí ó máa ń ní kí a yé dárúkọ aláǹtakùn nínú ilé onígbàgbọ́, pè mí ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ó béèrè àlàáfíà mi, ó béèrè iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó rẹ ohùn sílẹ̀, tí ó ní kí n fi àwòrán àmì yẹn ránṣẹ́ sí òun.