Eré Àsápajúdé àti Ooru Inú Kọ̀ǹpútà

Nínú àwọn ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà, èyí tí ó ń jẹ iná jù nígbà tí iṣẹ́ bá le ni káàdì àwòrán, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní graphics card. Òun ni ó ń ṣe ìṣirò tí ó ń gbé àwòrán jáde sójú kọ̀ǹpútà. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ràn géèmù, àti àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ fídíò, a máa fẹ́ kí ó yára ju bí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ti dá a lọ. Nítorí náà, wọn a gbé iyára rẹ̀ sókè fúnra wọn. Overclocking ni orúkọ àṣà yìí. Àwa yóò pè é ní eré àsápajúdé. Níwọ̀n ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti di ohun èlò ẹ̀kọ́ láàrin wa, ó tọ́ kí á ṣàlàyé ewu tí ó wà níbẹ̀.

Iná mànàmáná tí ó wọ inú káàdì kì í ṣòfò lásán. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ ni ó ń di ooru. Káàdì GeForce GTX 1080, tí ó jáde ní ọdún 2016, ń jẹ iná tó 180 wáàtì. RTX 4090 ti ọdún 2022 ń jẹ tó 450, èyí tí ó súnmọ́ ìdajì iná tí áyọ́ọ̀nù oní-1,000 wáàtì ń jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni chip tí ooru náà ti ń jáde kò fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ìṣirò ṣe nìyí. Wọ́n rò pé bí iyára bá fi ìdá 10 nínú 100 lé sí i, ìdá 10 náà ni ooru yóò fi lé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí káàdì má baà máa daṣẹ́ sílẹ̀ lórí eré, a sábà máa ń ní láti fi kún fóltéèjì rẹ̀ pẹ̀lú. Nínú ìṣirò ooru, iyára wọlé lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n fóltéèjì wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Bí a bá fi ìdá 10 kún méjèèjì, 1.1 × 1.1 × 1.1 yóò fún wa ní 1.33. Iyára 10 ni a rà, ooru 33 ni a san. Káàdì tí ń jẹ 300 wáàtì yóò súnmọ́ 400.

Fáànù kò sì lè mú káàdì tutù ju afẹ́fẹ́ inú yàrá lọ. Bí yàrá kan ní Yúróòpù bá wà ní ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí tiwa sì wà ní 33 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, káàdì kan náà lẹ́nu iṣẹ́ kan náà yóò fi nǹkan bí ìwọ̀n 13 gbóná jù lọ́dọ̀ wa. Eruku ọyẹ́ tí ń dí fáànù tún ń fi kún un. Wọ́n ṣètò GTX 1080 láti máa dín iyára ara rẹ̀ kù bí ooru rẹ̀ bá ti tó ìwọ̀n 83. Ẹni tí ó sáré nínú yàrá gbígbóná lè tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù iyára tí ó ń wá.

Ewu tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í tètè hàn. Ohun tí ó gbóná a máa wú, bí ó bá tutù a súnkì. Ojoojúmọ́ ni èyí ń dá àwọn ìlẹ̀kẹ̀ òjé kéékèèké tí a fi so chip mọ́ pátákó rẹ̀ lágara, títí wọn yóò fi sán. Ní oṣù keje ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ Nvidia kéde pé àwọn yóò ya mílíọ̀nù 150 sí 200 dọ́là sọ́tọ̀ nítorí chip inú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ń bàjẹ́, nítorí pé ohun tí wọ́n fi dì wọ́n kò lágbára tó. Bí ooru iṣẹ́ ojoojúmọ́ bá lè ṣe èyí, kí ni ti àsápajúdé yóò ṣe?

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ jẹ́ kí káàdì wà ní iyára tí a fi ṣe é. Ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tó fẹ́ eruku fáànù rẹ̀ dànù, ẹ má sì ṣe gbé e ti ògiri tàbí bo ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ẹ máa wo ìwọ̀n ooru tí ó ń fi hàn. Kọ̀ǹpútà ilé-ìwé kì í ṣe ti ẹnì kan: bí ẹnì kan bá sáré pa á lónìí, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni kò ní rí i lò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.