Rìmóòtù Kì í La Ògiri Kọjá

Ẹ̀yin abiyamọ ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí mo bí ọmọ mi kejì ní Ìwó níbí, ìyá ọkọ mi wá bá mi wẹ ọmọ. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ń sùn, a sì gbé tẹlifíṣàn kékeré kan síbẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n pálọ̀ ni dikódà DStv wà. Wáyà ni ó ń gbé àwòrán rẹ̀ wá sí yàrá. Bí Màmá bá fẹ́ yí ìkànnì padà, èmi ni mo ń dìde lọ sí pálọ̀, ti ọmọ ti ọmọ, ojú iṣẹ́ abẹ kò sì tíì jinná.

Ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò lè rí ni rìmóòtù fi ń ránṣẹ́, kì í sì í la ògiri kọjá. Ẹ kọjú rẹ̀ sí kámẹ́rà fóònù, kí ẹ tẹ bọ́tìnì: lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ ó rí i tí ó ń ṣẹ́jú. (Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń mọ̀ bí bátìrì ti kú kí n tó náwó.)

Ojú kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní TVLink. Ẹ̀yìn tẹlifíṣàn yàrá ni a ń kì í bọ ẹnu wáyà, a ó sì gbé ojú rẹ̀ síwájú. Ó ń gba ìmọ́lẹ̀ rìmóòtù, ó sì ń dá iṣẹ́ náà padà sí dikódà nínú wáyà kan náà. Dikódà ni ó ń fún un ní iná fóólìtì 9, bí ti bátìrì rédíò mẹ́fà.

Níbẹ̀ ni tiwa ti bàjẹ́. Oníṣẹ́ tí a pè fi sipílítà tí kì í jẹ́ kí iná kọjá sí agbede wáyà. Àwòrán ń wá, ojú kò tàn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo tún fi rìn kí a tó yọ ọ́, kí a sì tó ṣí iná náà nínú ètò dikódà.

Ẹ wo ẹ̀yìn dikódà yín kí ẹ tó rà á. Bí kò bá ní ihò RF OUT, kò lè wúlò. Irú mìíràn wà tí a ń lẹ iná rẹ̀ mọ́ iwájú dikódà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wáyà náà bá wáyà iná ilé rìn pọ̀, kí ó má sì gba ilẹ̀, nítorí ọmọ tí ń rá yóò fà á.

Kí n má tàn yín: ìkànnì kan náà ni pálọ̀ àti yàrá ń wò. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, bọ́ọ̀lù ni ọkọ mi ń wò tí fíìmù Yorùbá fi gba ojú tẹlifíṣàn. Ó figbe ta. Màmá ní àwọn kò mọ̀ pé ọwọ́ àwọn gùn dé pálọ̀.