Iná Mànàmáná Ń Jó Ẹni Tí Kò Fọwọ́ Kàn Án

Púpọ̀ nínú wa gbà pé ẹni tí kò bá fọwọ́ kan wáyà, iná mànàmáná kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Èrò yìí kò tọ̀nà. Orúkọ rẹ̀ pàápàá jẹ́ ẹ̀kọ́ fún wa: mànàmáná ojú ọ̀run kì í dúró de ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án, inú afẹ́fẹ́ ni ó ń gbà fò wá sílẹ̀. Irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ nínú àpótí fíùsì ilé iṣẹ́, tàbí nínú èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ taransifọ́mà àdúgbò. Arc flash ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Báwo ni ó ṣe ń ṣẹlẹ̀? Bí sípánà bá bọ́ sí àárín irin méjì tí iná wà lára wọn, tàbí tí omi tàbí eku bá so wọ́n pọ̀, iná yóò fò láti ara ọ̀kan sí èkejì. Gbígbóná rẹ̀ lè tó 19,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ ni ojú oòrùn kò ju nǹkan bí 5,500 lọ. Bàbà inú wáyà yóò di oru, yóò sì wú lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ìdí nìyí tí ó fi ń bú gbàù. Ní 1982, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà kan, Ralph Lee, kọ ìwé láti fi hàn pé ó lè jó ẹni tí ó dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan sí i.

Kí ni kí a ṣe? Èkíní, kí a pa iná kí a tó ṣí àpótí náà. Èkejì, kí a fi àgádágodo tì í, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò ẹni tí ń ṣiṣẹ́, kí ẹlòmíràn má baà tan iná lé e lórí. Ẹ̀kẹta, kí a fi tẹ́sítà tí a mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iná ti lọ lóòótọ́. Ẹ̀kẹrin, kí òṣìṣẹ́ yẹra fún aṣọ ọ̀rá, nítorí yíyọ́ ni yóò yọ́ mọ́ ọn lára. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà lásán kò tó: ó lè dí iná lọ́wọ́ láti gbé ni, ṣùgbọ́n kò lè bo ojú àti àyà.

A bẹ àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ń fi sálúbàtà lọ pààrọ̀ fíùsì nídìí taransifọ́mà: ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ó ni iṣẹ́. Ó sàn kí àdúgbò sùn nínú òkùnkùn ju kí a gbé ọmọ ẹnìkan lọ sí ilé ìwòsàn lọ.