Níbi Tí Ewu HIV Wà Gan-an

Ẹni tí ọ̀pọ̀ ń sá fún lórí ọ̀rọ̀ HIV ni ẹni tó ti mọ̀ pé òun ní kòkòrò náà, tó sì ń lo oògùn rẹ̀ déédéé. Ẹ̀rù yìí ṣìnà. Nínú ìwádìí PARTNER, tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Yúróòpù tọpinpin àwọn olólùfẹ́ méjì-méjì, 888 lápapọ̀, tí ẹnì kan ní HIV tí ẹnì kejì kò ní. Àwọn tó ní in ń lo oògùn, kòkòrò náà sì ti kéré jọjọ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó tó ìgbà 58,000 tí wọ́n bá ara wọn sùn láìlo kọ́ńdọ̀mù, síbẹ̀ kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kó o lára olólùfẹ́ rẹ̀. Àwọn mọ́kànlá ló kó HIV lásìkò náà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ ìran kòkòrò ara wọn wò, ìta ni wọ́n ti kó o, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n jọ wà nínú ìwádìí.

Ohun tó fà á kò ṣòro. Inú ẹ̀jẹ̀, àtọ̀, omi ojú ara, omi inú ihò ìdí àti omi ọyàn ni HIV ń gbé, ó sì gbọ́dọ̀ pọ̀ níbẹ̀ kó tó lè ran ẹlòmíràn. Ẹ̀fọn kò lè gbé e kiri: itọ́ ara rẹ̀ ló ń tu sí wa lára, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ẹni tó mu ṣáájú, kòkòrò tó gbé mì sì ti dà nínú ikùn rẹ̀. Ti abẹ́rẹ́ yàtọ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ń ṣẹ́kù sínú ihò rẹ̀. Ní Ratodero, ní ilẹ̀ Pakistan, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ni wọ́n bá HIV lára wọn lọ́dún 2019, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ìyá wọn kò ní in. Abẹ́rẹ́ àlòtúnlò ni àwọn olùwádìí tọ́ka sí. Ìgbà tí kòkòrò náà sì máa ń pọ̀ jù lára ni ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí ẹni tó kó o rò pé ibà lásán ló ń ṣe òun, tí àyẹ̀wò pàápàá lè má tíì fi hàn.

Àwọn kan yóò ní bí a bá dín ẹ̀rù kù, ìṣekúṣe yóò gbòde. Àwọn mìíràn yóò béèrè nípa ẹni tó ń fo oògùn. Ìbéèrè kejì yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: bí oògùn bá dúró, kòkòrò náà yóò tún pọ̀, ìdí nìyẹn tí kọ́ńdọ̀mù àti àyẹ̀wò iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ fi ṣì ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi oògùn pamọ́ fún ọkọ, ìyàwó tàbí ọ̀gá níbi iṣẹ́ ni fífo oògùn rọrùn fún jù. Aláboyún tó sá fún àyẹ̀wò nítorí ẹnu aráyé ń fi ọmọ inú rẹ̀ sínú ewu: láìsí ìtọ́jú, ọmọ 15 sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń kó o lára ìyá, pẹ̀lú ìtọ́jú, wọn kì í pé márùn-ún. Nàìjíríà ti ṣòfin lọ́dún 2014 pé kí ẹnikẹ́ni má fi HIV ya ènìyàn sọ́tọ̀, àmọ́ òfin kò lè pàṣẹ fún ojú tí a fi ń wo ara wa. Oògùn wà tó lè dènà HIV fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú ewu, bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó kí wákàtí 72 tó kọjá, tó sì lò ó fún ọjọ́ 28. Ẹni tó ń bẹ̀rù ojú tí nọ́ọ̀sì yóò fi wo òun kò ní tètè dé ọsibítù.