"Ó Yé Wa" Nìkan Kò Tó



Gbogbo wa tá a lọ sílé ìwé la mọ̀ ọ́n: tíṣà á béèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" Kíláàsì á pariwo pé, "Ó yé wa, sà!" Ẹni tí kò yé náà á bá wọn pariwo, torí ojú ń tì í. Bẹ́ẹ̀ ló rí nígbà tí a kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nípa owó yíyá. Gbogbo wọn ní ó yé wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnì kan kò rí owó san, tí a lọ bá onídùúró rẹ̀, ìyá náà ní òun rò pé òun kàn fọwọ́ sí ìwé bí ẹlẹ́rìí ni. Díẹ̀ ló kù kí ọ̀rọ̀ náà tú ọ̀rẹ́ wọn ká. Ẹ̀bi àwa tá a kọ́ wọn ni.

Nítorí náà, a wádìí ohun tí àwọn tíṣà ń lò láti mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ ń yé ọmọ kí kíláàsì tó parí. Ọ̀kan ni Plickers. Fóònù tíṣà nìkan ló ń fẹ́. Olúkúlùkù á gba bébà tí a tẹ àmì dúdú sí, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin ní A, B, C àti D. Bí ìdáhùn yín bá jẹ́ B, ẹ ó gbé e sókè kí ẹ̀gbẹ́ B wà lókè. Tíṣà á fi kámẹ́rà fóònù wo gbogbo yín, fóònù á sì sọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú. Àmì bébà kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, kò rọrùn láti jí ìdáhùn ẹlòmíì wò.

Kahoot, tó jáde láti ilẹ̀ Nọ́wè ní 2013, dùn mọ́ ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tètè tẹ ìdáhùn ló sábà ń gba máàkì jù. Àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá lè rò pé òun ò mọ nǹkan kan.

Fóònù kọ́ ló ń kọ́ni o. Ìbéèrè ló ṣe kókó. A béèrè pé: "Bí ẹni tó yáwó kò bá san, ta ni yóò san án?" Ohun tí èèyàn máa ń rò la fi ṣe ìdáhùn: ẹgbẹ́, ẹbí rẹ̀, onídùúró, tàbí kò sẹ́nì kan. Ọ̀pọ̀ mú "ẹgbẹ́". A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. A ní kí ẹni méjì méjì jọ rò ó, a tún un ṣàlàyé, a sì tún béèrè.

Bí kò bá sí fóònù, kí olúkúlùkù dijú, kó fi ìka dáhùn: ìka kan fún A, méjì fún B.

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àmọ́ ẹni tí ojú ń tì kì í béèrè. Àwa la gbọ́dọ̀ bi í. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ dáhùn bó ṣe wà lọ́kàn yín. Ó sàn kí ẹ ṣì í lórí bébà ju kí ẹ ṣì í lórí fọ́ọ̀mù owó yíyá lọ.