Jẹjẹrẹ Àtìtànṣánwá

Nígbà tí a bá ń fi ìtànṣán wo jẹjẹrẹ ọyàn, ìtànṣán náà a máa kan díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀fóró. Ànfààní ìtọ́jú yìí ju ewu rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, jẹjẹrẹ tuntun a máa yọ ní ẹ̀dọ̀fóró àwọn díẹ̀ nínú àwọn tí a tọ́jú, lẹ́yìn bí ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá àwọn tí ń mu sìgá. Bí a bá túmọ̀ orúkọ rẹ̀ ní tààrà láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ‘jẹjẹrẹ kejì’ ni a ó rí. Orúkọ yìí kan náà ni wọ́n sì ń lò fún jẹjẹrẹ tí ó ti ọyàn ràn dé ẹ̀dọ̀fóró. Ìtọ́jú àwọn méjèèjì kò dọ́gba.

Ara èlírí ni àwọn onímọ̀ ti ń wádìí ọ̀ràn náà. Èlírí kì í sábà gbé ju ọdún 2 sí 3 lọ láyé, a sì lè ṣọ́ ọ láti ìgbà tí ìtànṣán ti bà á títí yóò fi kú. Ní Oak Ridge ní Amẹ́ríkà, láàrin ọdún 1970 sí 1979, wọ́n lo ìran èlírí tí à ń pè ní BALB/c, wọ́n sì rí i pé ìtànṣán neutron ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ju ti gamma lọ. Ìran ṣe pàtàkì: àrùn yìí tètè ń mú àwọn kan, kì í fi bẹ́ẹ̀ mú àwọn mìíràn.

Mo ní èlírí, n kò ní eku lásán. Ní Ògbòóró, níbi tí mo ti gba orúkọ eku sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbẹ̀, òkété wà, ẹmọ́ wà, àgó wà, asín wà. Bí a bá ní ‘eku’, èyí tí wọ́n ń yan jẹ ni yóò wá sí wọn lọ́kàn.

Níbẹ̀ náà ni mo ti gbé àbá mi àkọ́kọ́ kalẹ̀: àfìtànṣánfà, tí mo ṣẹ̀dá bí àfọwọ́fà. Bàbá àgbẹ̀ kan dá mi dúró: “Tíṣà, ṣé obìnrin náà ni ẹ ní ó fọwọ́ ara rẹ̀ fà á?” N kò rí èsì fọ̀. Kò sí àléébù lára mófíìmù ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀bi tí ó wà nínú àfọwọ́fà ni ó bá a wọlé. Mo wá yí i sí àtìtànṣánwá (à- + ti + ìtànṣán + wá), bí ti àtọ̀runwá. Àwọn kan lè sọ pé àtọ̀runwá ń tọ́ka sí àyànmọ́. N kò jiyàn, ṣùgbọ́n àyànmọ́ sàn ju ẹ̀bi lọ. Èyí tí ó ràn wá láti ọyàn, kí a pè é ní jẹjẹrẹ àtànká.

Bí obìnrin kan bá ti Ògbòóró lọ gba ìtọ́jú ìtànṣán ní Ìbàdàn, tí ikọ́ sì dé lẹ́yìn ọdún 12, dókítà yóò lè sọ fún un ní èdè rẹ̀ èwo nínú méjèèjì ni òun bá ní àyà rẹ̀.